Ẹgbẹ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2019

Ìwé tuntun. Òjò ti ba ti àtijọ́ jẹ́, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ló jò sórí rẹ̀. Mi ò ní sunkún nítorí bébà.

Bọ́dà ṣì wà ní títì, láti oṣù Kẹjọ. Gbogbo ayé ń pariwo ìrẹsì, bí ẹni pé ìrẹsì nìkan ló ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé. Sikirín láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Bátìrì, ṣájà, bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ – ọ̀dọ̀ àwọn ará Kútọnu ni tèmi ti ń wá. Báyìí, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ fọ́ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ: ẹ fi sílẹ̀, ká máa retí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mò ń tò wọ́n sí. Wọ́n ti pọ̀ débi pé ilẹ̀kùn ò ṣí tán mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé bí akàn. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Ẹgbẹ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn. Èmi Sẹ̀kínát ni ìyálóde wọn.

Abdulrasaq tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà mi ní kí n tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kò mọ̀. Mo ní kó máa gbọ́ ti fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i kà lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ mí. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Oníbàárà kan péré. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbóná, ó ń kú lójijì. Mo tú u – eruku ti di fáànù rẹ̀ pa, òwú tìmùtìmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń lò ó. Mo fẹ́ ẹ, mo nù ún, mo fi ìpara tuntun sí ibi tó ń gbóná. Mo wá bá ọkùnrin náà wí: tábìlì, tàbí kó gbé e lé pákó. Ẹ̀rọ ń mí bí ènìyàn, kí ló dé tó ń dí i nímú?

Ó dúpẹ́. Mo mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló máa gbé e lé lálẹ́ òní.

Kí n tó gbé e fún un, mo tàn án lójú rẹ̀. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń sọ nìyẹn: ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ò tàn, má gbé e fún ẹnikẹ́ni, ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ara ẹ̀rọ yá.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Ọmọbìnrin kan wá lónìí tí mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́kàn.

Ifákẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àgọ́ṣáṣá. Kò ríran. Eéyi ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kàwé jáde níbí ní Ìlarò, ó sì háyà yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Láptọ́ọ̀pù Kútọnu ló ń lò, ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí i létí. Ohùn obìnrin ni, ó ń sọ̀rọ̀ nímú bí àwọn Faransé. Màdáámù ló ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá iná dé pẹ̀lú agbára, Màdáámù sì dákẹ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ilé-iṣẹ́ rédíò tuntun kan ń bọ̀ nílùú yìí. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbọ́ ìròyìn létí, tí á sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdánwò wọn di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀, kálukú ni kó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì, ló ń sanwó yàrá yẹn láti inú oko ẹ̀gẹ́. Òdìkejì bọ́dà ló ti ń ta gaàrí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títì tí wọ́n tì í sì ti dí i lọ́nà. Ó ti sọ fún un: bí kò bá rí iṣẹ́ yẹn gbà, Sátidé tó tẹ̀lé ìdánwò lòun máa wá kó ẹrù rẹ̀ padà sí Àgọ́ṣáṣá.

Mo ní ilé náà kọ́ ni? Ó ní ilé ni. Ó wá sọ pé, "Àǹtí, mi ò kọ ilé. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà lọ́nà yìí, ìdí ààrò ni wọ́n máa mú mi jókòó sí. Wọ́n á máa ṣìkẹ́ mi o. Wọn ò kàn ní pè mí fún nǹkan kan mọ́ ni."

Mo ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo ní ó máa sọ̀rọ̀ kí oṣù yìí tó parí. Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ ọ́. Ẹnu mi ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo tú u kí n tó lọ kírun. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó, òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà kò fara gbá nǹkan kan, mo ti kó o sí fláàṣì kí ìjàǹbá mìíràn tó dé. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn tí wọn kì í gbọ́: ẹ ní ẹ̀dà kejì.

Mo pe Èkó. Wọ́n ní irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn, ti àwọn Faransé ni. Mo pe Bọ̀dá Bàrúwà ní Kútọnu, ẹni tó ń bá mi ra ọjà. Mùsíyè Dùmẹ́ẹ̀ lèmi ń pè é nínú ìwé yìí. Dùmẹ́ẹ̀ ni ọ̀la lẹ́nu wọn lọ́hùn-ún, òun nìkan sì lọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu bàbá yẹn jáde. Ó ní òun mọ ibi tó wà. Ó ní dùmẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Dùmẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Dùmẹ́ẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn lórí fóònù, ó wá bi mí bóyá ara mi le.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Ó ti rí i. Ó ń fi í rán obìnrin oníṣòwò kan tó ń gba ọ̀nà Ìpókíá bọ̀. Mo pe Ifákẹ́mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Àwọn aṣọ́bodè dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n kó gbogbo ẹrù obìnrin yẹn, bọ́ọ̀dù mi wà nínú rẹ̀. Òfin ni wọ́n ń ṣe, mo mọ̀. Inú mi ò dùn sí òfin lónìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ní kó ṣáà fi àyè sílẹ̀ kí n tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo kiri ìlú. Gbogbo ẹni tí mo ti bá tún ẹ̀rọ ṣe rí ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn, bóyá ẹnì kan á lè yá wa ní ẹ̀rọ tàbí kó tà á lọ́pọ̀. Kò sí. Ta ni ìbá ta ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí òmíràn ò lè wọlé? Ọ̀kan tiẹ̀ ní afọ́jú ò lè lo kọ̀ǹpútà, kí n má tan ara mi. Mo kí i, mo sì jáde. Bí mo bá dúró níbẹ̀ ni, ìjà ni.

Oṣù ń lọ. Ẹnu mi ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má baà fi pọ́n ara mi lé tó bá yá.

Ifákẹ́mi wá lọ́sàn-án. Kò wá bú mi – ìbá sàn kó bú mi. Ó ra ẹ̀pà wá. Bó ṣe ń wọlé, ọ̀pá rẹ̀ kan Ẹgbẹ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn ya lulẹ̀. Ó ní kí lèyí? Mo ní láptọ́ọ̀pù àwọn ènìyàn ni, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bíi tèmi. Ó fọwọ́ pa ti òkè lórí. Ó ní ṣé wọ́n ti kú ni? Mo ní wọn ò kú. Fáànù ń yí, kíbọ́ọ̀dù dára, ohùn ń jáde. Sikirín ló fọ́, sikirín ni mò ń dúró dè láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà.

Ó ń bó ẹ̀pà.

"Àǹtí, ẹ ní ohùn ń jáde?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí wá ni mo fẹ́ fi sikirín ṣe?"

Mo jókòó. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń pe Kútọnu, tí mò ń pe Èkó, tí mò ń rìn nínú oòrùn, àràárọ̀ ni mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ohun tí mò ń wá. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ò tàn, má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi ò sọ pé ká yọ ẹnì kan sílẹ̀, èmi náà ò sì ronú kan ẹnì kan.

Ẹ̀rín pa mí. Ó pa òun náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú wò wá bóyá orí wa ti dà rú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo yan Alága. Ẹ̀rọ dúdú ni, obìnrin kan tó kó lọ sí Abẹ́òkúta ló tà á fún mi kí n máa tú inú rẹ̀ lò. Tèmi ni. Àwọn yòókù nínú Ẹgbẹ́ ní olówó, mi ò lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo yọ sikirín tó fọ́ náà kúrò, mo gé pákó fẹ́lẹ́ kan dí ojú ihò rẹ̀, kí ìdérí lè máa bo kíbọ́ọ̀dù, kí eruku má wọ̀ ọ́. Mo so ó mọ́ ojú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì mi kí n lè ríbi ṣiṣẹ́. Mo pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo fi ètò tó ń kàwé sétí sí i, mo wá ohùn Màdáámù títí mo fi rí i. Mo ṣe é kí ó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ gbàrà tí wọ́n bá ti tàn án, kó má béèrè nǹkan kan. Mo pa gbogbo ìsọfúnni tó máa ń já wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Mo kó iṣẹ́ Ifákẹ́mi padà sí i.

Nígbà tó yá mo yọ okùn ojú ńlá náà. Mo fi ìbòrí mi bo ojú, mo gbìyànjú láti ṣí ìwé kan. Mo sọnù sínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ igbó. Ifákẹ́mi ń gbé ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8 Oṣù Kọkànlá

Ó tún kù. Wọ́n ní epo bẹntirólù ò gbọdọ̀ dé àwọn ilé epo ìtòsí bọ́dà mọ́. Àgọ́ṣáṣá wà nínú rẹ̀, Ìpókíá wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ti ya wá sí Ìlarò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ọlọ́kadà tó gbé mi lónìí fi ẹnu ọ̀nà ilé epo hàn mí, ó kàn mi orí. Jẹnẹrétọ̀ mi ò mu nǹkan kan láti ìjẹta. Nígbàkigbà tí iná bá dé, Alága ni mo kọ́kọ́ ń fún jẹ. Ara sitabiláísà ni mo so ó mọ́, mi ò fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tún ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ burúkú. Ó parí dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ burúkú ni.

Ifákẹ́mi wá gba ẹ̀rọ rẹ̀. Mo tàn án, Màdáámù kí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Mo ní ká dán an wò bíi ti ìdánwò. Mo fi ìròyìn sí i lórí fóònù mi, ó ń tẹ̀. Ọwọ́ ọmọ yẹn! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kí Màdáámù kà á padà.

Ohun tó kà ò sí nínú èdè kankan. A tún un ṣe. Bákan náà. Ifákẹ́mi gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó kó wọn lé itan. Ó ní bóyá ọwọ́ òun ti gbàgbé ni, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo so ojú ńlá mọ́ ọn. Mo wò ó. Gbogbo ibi tó yẹ kí A wà, Q ló wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí Q wà, A. M ti di àmì ìdánudúró.

Ẹni tí mò ń bínú sí, èmi ni. Kíbọ́ọ̀dù Kútọnu kì í ṣe bíi tiwa, àwọn Faransé to lẹ́tà tiwọn bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe ni kí n rí i pé ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, nítorí gbogbo oníbàárà ló ń ké pé lẹ́tà àwọn ti dàrú. Ọwọ́ mi ti ṣe é fún Alága kí orí mi tó dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Kútọnu ni ọmọ yìí fi kọ́ títẹ̀, ibi tí àwọn Faransé fi A sí ni ìka rẹ̀ mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n gún, mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà ẹni ló lẹ́mọ.

Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan, ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo yí i padà sí ti Faransé, mo yọ ti Gẹ̀ẹ́sì dànù pátápátá, kí ìka má baà ṣèèṣì pè é padà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sórí kíbọ́ọ̀dù Alága ti di irọ́ báyìí, ẹni tó bá fojú wò ó á ṣìnà. Kò kan Ifákẹ́mi.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Màdáámù kà á nímú láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ifákẹ́mi fọwọ́ lé ìdérí ẹ̀rọ náà, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá

À ń kọ́ ọ lójoojúmọ́. Bó ṣe máa fi iṣẹ́ pamọ́ kó tó dìde. Bó ṣe máa kó o sí fláàṣì láìrí fláàṣì. Bó ṣe máa pa ẹ̀rọ láìfi ipá pa á. Ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi ni mò ń béèrè báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀ṣunníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin gíga, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀rọ tí àbúrò òun ń sọ. Ifákẹ́mi ṣí i fún un.

Ó wo pákó tó wà níbi tó yẹ kí ojú wà. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ fún ọmọ yìí ní òkú ẹ̀rọ, torí ẹ mọ̀ pé kò lè rí i."

Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹnu mi ti là láti dá a lóhùn, mo sì mọ irú ohun tí ìbá jáde. Ifákẹ́mi ló fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ṣáà máa sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, òun ń gbọ́. Ó wá sọ ọ́: wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ jù, ará ọjà kan ta rédíò tó bàjẹ́ fún ọmọ náà rí, òun ò fẹ́ kó lọ di ẹni ẹ̀sín láàárín àwọn ọmọ ìlú. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́. Ó sinmi, ó tẹ nǹkan kan, Màdáámù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣunníyì padà fún Ọ̀ṣunníyì, Yorùbá Àgọ́ṣáṣá nínú imú Faransé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀ṣunníyì ò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò lọ́wọ́ yàrá mọ́, ọ̀rọ̀ Sátidé ò yẹ̀. Ó kí mi, ó lọ.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣì dùn mí.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kọkànlá

Alága ti yó iná. Ọ̀la ni.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

Mo ti ṣọ́ọ̀bù láti mú un lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni mo máa tì í.

Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó wá ṣe ìdánwò gbé ẹ̀rọ dídán wá, ojú gbogbo wọn ń tàn bí ọjọ́ ọdún. Nígbà tí Ifákẹ́mi ṣí Alága, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi imú rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin tó ń darí ìdánwò sún mọ́ ọn, ó béèrè pé báwo lòun ṣe fẹ́ rí ohun tó bá tẹ̀. Ifákẹ́mi gbé fláàṣì sókè. Ó ní, "Inú èyí ni mo máa kó o sí, Mà. Ẹ̀yin lẹ lè kà á lójú ẹ̀rọ tiyín." Obìnrin náà ní ó dáa. Wọ́n ní kí èmi jáde, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Wọ́n ń fi ìròyìn sí i láti inú ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì kan, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, iná lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa bá a lọ lórí bátìrì, àwọn fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀. Mo rí ọkùnrin tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ náà nísàlẹ̀. Ó fà á, ó fà á. Ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sókè fún àwọn tó wà lókè rí.

Bátìrì àlòkù ni gbogbo wa ń lò ní agbègbè yìí. Dídán tí àwọn ẹ̀rọ yẹn ń dán, àlòkù ni bátìrì inú wọn. Ọ̀kan kú. Òmíràn kú. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ń bẹ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ẹran. Ìró títẹ̀ ń dínkù nínú yàrá náà, bí òjò tó fẹ́ dá, títí ó fi ku ẹyọ kan.

Mo mọ ìró yẹn.

Bátìrì Alága kò sàn ju tiwọn lọ, èmi ni mo fi í sí i. Ṣùgbọ́n sikirín ló ń jẹ bátìrì jù nínú láptọ́ọ̀pù, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Alága ò ní ojú tó máa bọ́. Mi ò ṣe é fún ìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́la. Mo kàn dúró síbi fèrèsé, omi ń bọ́ lójú mi, mò ń gbọ́ ọ.

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó kó o sí fláàṣì. Ó pa ẹ̀rọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 22 Oṣù Kọkànlá

Fóònù ò dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀ṣunníyì dé láàárọ̀ bó ṣe wí, pẹ̀lú ọ̀kadà àti okùn. Mo lọ síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Bóyá láti jà. Ó ti di tìmùtìmù, ó ti kó ìkòkò sínú àpò. Ifákẹ́mi jókòó sórí àpótí, Alága wà lórí itan rẹ̀, kò jẹ́ kí ó gbé ìyẹn mọ́ ẹrù.

Mo ní kó ní sùúrù di Ajé. Ó ní ọ̀kadà tó gbé òun wá, epo tó wà nínú rẹ̀ ò lè tún gbé òun wá sí Ìlarò ní Ajé. Òótọ́ ló sọ.

Ó ń so tìmùtìmù mọ́ ọ̀kadà nígbà tí fóònù ọmọ náà dún. Ìyáàfin tó darí ìdánwò ni. Ifákẹ́mi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Mà, bẹ́ẹ̀ ni Mà. Ó gbé fóònù kúrò létí. Ó ní wọ́n ní kóun bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Wọ́n ní kóun má gbàgbé ẹ̀rọ òun nílé.

Ọ̀ṣunníyì dúró ti ọ̀kadà náà, ó ń wo okùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, díẹ̀díẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó lọ́.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá

Mùsíyè Dùmẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé lónìí! Ó wá kí àna rẹ̀ ní Ìlarò. Ó bọ́ bùbá nínú ṣọ́ọ̀bù mi, sikirín kan ló wé mọ́ àyà pẹ̀lú ìró ìyàwó rẹ̀. Ó ní nítorí bọ́ọ̀dù tó sọnù ni. Ẹyọ kan péré. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bú u tàbí kí n dì mọ́ ọn.

Ọ̀ṣunníyì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó gbé gaàrí wá fún mi, àpò kan gbáko, ó ń wá ọ̀nà láti tọrọ àforíjì láìsọ ọ́, mo sì jẹ́ kó máa wá a. Bó ṣe rí sikirín, ojú rẹ̀ là. Ó béèrè bóyá ó lè bá Alága mu. Mo ní ó bá a mu. Ó ní òun máa tu ẹ̀gẹ́ tó kù lóko san án, díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ ọmọ náà pé, kí ẹnikẹ́ni má fi imú rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Mo pe Ifákẹ́mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo gbé fóònù sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti máa gbọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kó fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà.

"Àti ẹ̀yin náà, Àǹtí," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ mi ò ní àbùkù kankan. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."